Ìbàdí Bàbá Odile

5 juin 1961, ọjọ́ Ajé

Òjò bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí, kò dá títí mo fi jẹun ọ̀sán. Lẹ́tà dé láti Sakété, èmi ni wọ́n sì gbé e wá bá. Mo tún un kọ: èmi ni wọ́n gbé e wá bá. Monsieur Honoré tíṣà ti lọ sí Cotonou fún ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Caporal Àdìsá gbọ́ Faransé àwọn sójà bí ẹní mumi, ṣùgbọ́n kò mọ̀wé. Ta ló wá kù ní Ifangni tó lè ka ìwé ìjọba, bí kò ṣe Léontine aránṣọ, tó lo ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ àwọn Masœur, àwọn sísítà ìjọ Àgùdà, ní Àjàṣẹ́?

Caporal kó àwọn ọkùnrin mọ́kànlá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, gbogbo wọn rin gbindin, omi ń kán sílẹ̀ lára wọn. Mo dìde dúró kí n tó kà á. Ọjọ́ kìíní oṣù août, òmìnira pé ọdún kan. Kí ìlú kọ̀ọ̀kan mú ọkùnrin méjìlá wá sí Sakété láti ṣe eré ìmárale, kí wọ́n wọ ṣòkòtò funfun, kí wọ́n gun èjìká ara wọn ní pyramide. Lẹ́yìn náà ni gbólóhùn kan: «Les gymnastes seront, autant que possible, de même taille.» Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kó lè dùn létí wọn, mo sì túmọ̀ rẹ̀: kí ìbàdí gbogbo àwọn eléré dọ́gba, bó bá ti lè ṣeé ṣe tó.

Caporal na ìka sókè. «Voilà! Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú iṣẹ́ sójà. Gbogbo nǹkan ní í dọ́gba. Ìyàwó, mú mẹ́tà rẹ wá.»

Mo wọn gbogbo wọn. Àwọn mẹ́sàn-án wà láàárín sàǹtí 76 àti 80. Caporal fúnra rẹ̀ jẹ́ 78, nítorí náà 78 di òfin. Jẹ́láàní tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe jẹ́ 66, ìdí rẹ̀ kò tilẹ̀ di ṣòkòtò mú. Ó wá kan ọkọ mi, Bàbá Odile. 97. Jẹ́láàní rẹ́rìn-ín, àwọn tó kù wo ilẹ̀.

Caporal ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló wà níwájú. Ẹni tí kò bá súnmọ́ 78 kò ní wọ ọkọ̀ Sakété.

6 juin

Bàbá Odile kò sọ̀rọ̀ láti àná. Mo mọ ohun tó ń dùn ún. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí gbogbo ayé ń jó sí òmìnira, ibà dè é mọ́ ẹní, ariwo nìkan ló gbọ́. Ó ti búra pé ti ọdún yìí kò ní ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òun. Kò sì sí ẹni tó lágbára tó o nínú àwọn méjìlá náà. Ó ń ra ekùrọ́ ní ọjà Igolo, ó máa ń gbé àpò rẹ̀ sórí bascule, òṣùwọ̀n onírin rẹ̀, bí ẹni gbé ìrọ̀rí. Ṣé ìbàdí ni wọ́n fi ń gbé ènìyàn ni?

Ṣùgbọ́n ìwé ti sọ̀rọ̀, èmi ni mo sì kà á.

8 juin

Caporal ti mú oògùn ìbàdí dé. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún àwọn sójà tó sanra ní ilẹ̀ Faransé nìyí: kí ènìyàn dùbúlẹ̀ gbalaja, kó ká orúnkún sókè, kó di irin mú sí àyà, kó dìde jókòó, kó tún sùn, kó tún dìde. Ó ní irin náà yóò tẹ ọ̀rá mọ́lẹ̀, ọ̀rá yóò sì yọ́.

Irin ọkọ mi kò wọ́n, irin bascule ni. Ó fi ti kílò márùn-ún bẹ̀rẹ̀. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, ó sì dùbúlẹ̀ bí ẹja tí wọ́n jù sí etí odò. Odile, ọmọ ọdún mẹ́ta, rò pé eré ni, ó gun orí rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi ba aṣọ tí mo ń rán jẹ́.

12 juin, Ajé

A ti fẹnu kò. Gbogbo ọjọ́ Ajé, kí wọ́n tó fi nǹkan kan sẹ́nu, ni n ó máa wọ̀n wọ́n. Mo ṣe òfin kan, mo sì sọ ọ́ síta: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fa ikùn sínú. Ọkùnrin ò sí tí kì í fa ikùn sínú bí obìnrin bá gbé mẹ́tà sí i lára. Mo máa ń bi wọ́n léèrè ìlera ìyá wọn, bí wọ́n bá la ẹnu láti dáhùn, ikùn á bọ́ sílẹ̀, èmi náà á sì kọ ọ́.

Ọkọ mi 97. Jẹ́láàní 66.

15 juin

Òjò. Ata wọ́n bí wúrà. Ẹnikẹ́ni ò wá rán nǹkan kan.

17 juin

Aṣọ dé láti òdìkejì ààlà, kákí funfun, ó dára, ó wúwo lọ́wọ́. Caporal ní kí n gé gbogbo rẹ̀ ní 78 lónìí kí n lè tètè parí. Mo ní rárá. Ó ní ìbàdí wọn yóò bá aṣọ mu kó tó di août. Mo ní, «Caporal, ẹ má bínú. Èmi kì í gé aṣọ lé ìlérí. Ìgbà tí mẹ́tà bá sọ̀rọ̀ ni àlùmọ́gàjí mi yóò dáhùn.»

Ó ní orí mi le. Òótọ́ ni. Mo fi aṣọ náà sínú àpótí, mo ti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

19 juin, Ajé

97. Ó ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlélógún báyìí. Jẹ́láàní náà ń gbé irin, nítorí Caporal ní gbogbo wọn ni kó ṣe é, ṣùgbọ́n Sìdíkátù ìyá rẹ̀ ń gún iyán fún un láàárọ̀ lálẹ́ kí tirẹ̀ lè pọ̀ sí i. Irin kan náà ni ẹni kan ń gbé láti fọn, tí ẹnì kejì ń gbé láti sanra. Mo béèrè lọ́wọ́ Caporal bí irin ṣe ń mọ ìyàtọ̀. Ó ní obìnrin kì í mọ ọ̀rọ̀ sójà.

26 juin, Ajé

98!

Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Mo béèrè ìyá rẹ̀, mo béèrè bàbá rẹ̀, mo béèrè gbogbo ẹbí. 98. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì àbọ̀ tó ti ń gbé irin, ọkọ mi fi sàǹtí kan lé e.

Caporal ní mẹ́tà mi ti nà. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi dé egungun. Mo bọ́ sínú òjò, mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́, mo tẹ́ mẹ́tà mi lé mẹ́tà onígi tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Ìyàwó ọlọ́dẹ ibẹ̀ ni ẹlẹ́rìí mi. Kò fi ìbú irun kan yàtọ̀. Mo padà wá, mo ní kí Caporal bẹ mẹ́tà mi. Kò bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ó fi àgbàdo tútù mẹ́fà ránṣẹ́. Mo gbà á.

3 juillet, Ajé

98 síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọkùnrin yìí. Kílò mẹ́wàá ló ń dì mọ́ àyà báyìí, ó ń dìde lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlọ́gọ́ta láìsinmi. Ẹ̀yìn tó máa ń ro ó lẹ́yìn ọjọ́ Igolo kò ro ó mọ́. Mo fi ìka tẹ inú rẹ̀, lábẹ́ ọ̀rá òkè ni nǹkan líle wà, bíi pátákó.

Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn lẹ́nu iṣẹ́ mi. Bí mo bá fi aṣọ líle tẹ́ inú kóòtù, kóòtù á dúró ṣinṣin, ṣùgbọ́n kò ní torí bẹ́ẹ̀ kéré. Ohun tí irin ń ṣe fún Bàbá Odile nìyẹn. Ó ń fi nǹkan líle tẹ́ inú rẹ̀. Ọ̀rá tó wà lókè kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ń lọ.

Inú mi dùn pé èmi ni mo rí i, kì í ṣe sójà kankan.

5 juillet

A jà lónìí. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

«Ìyá Odile, kọ 92 fún mi.»

«Kọ kí ni?»

«92. Caporal kò mọ̀wé, ìwọ lò ń pè é fún un. Ta ló máa mọ̀?»

Mo ní, «Bàbá Odile, èmi á mọ̀. Ṣòkòtò náà á mọ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá tẹ̀ba níwájú gbogbo Sakété, gbogbo wọn á mọ̀.»

Ó ní òun rò pé aya òun ni mí ni. Mo ní aya yín ni mí, aránṣọ náà ni mí, aránṣọ kì í purọ́ ìwọ̀n. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá, tiwa kò sì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mọ́. Ó jáde lọ. Kò jẹ oúnjẹ mi.

Mo sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo bínú pé mo sunkún.

10 juillet, Ajé

96. Kì í ṣe irin o. Láti ọjọ́ tí a ti jà ni kò ti jẹ ẹ̀bà, kò tọ́ epo wò, ẹ̀kọ kan láàárọ̀ àti ẹ̀fọ́ ló fi ń gbé ọjọ́. Mo ń bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́.

13 juillet

Òjò ti ń dín kù. Jẹ́láàní wá fi hàn mí pé ikùn òun ti yọ. 69. Ìyá rẹ̀ Sìdíkátù jó ní iwájú ṣọ́ọ̀bù mi.

17 juillet, Ajé

93. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Mo kọ ọ́ síbí kí n má bàa gbàgbé: irin ló mú inú rẹ̀ le, ebi ló mú un kéré. Ọ̀nà méjì ni wọ́n, wọn kò pàdé ara wọn níbì kankan.

19 juillet

Ó ṣubú. Wọ́n ń to pyramide, ó wà ní àárín ìlà ìsàlẹ̀, ẹni méjì péré ló gun orí rẹ̀, orúnkún rẹ̀ gbọ̀n, gbogbo wọn wó. Kò sí ẹni tó ṣèṣe. Ṣùgbọ́n ní juin, kí ebi tó bẹ̀rẹ̀, ẹni mẹ́ta ló ń gbé, ó sì ń kọrin!

22 juillet, Àbámẹ́ta

Caporal wá sílé wa. Ó jókòó dáadáa, ó gba omi, ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò lè parọ́ mọ́ ọn.

«Àkànní, àbúrò mi, o ti gbìyànjú. Mais ìwé ni ìwé. 93 kì í ṣe 78. N ó mú ẹlòmíràn láti Banigbé.»

Ọkọ mi ní, «Ó dáa, ẹ̀gbọ́n.» Ó kó àwọn irin rẹ̀ padà sí ẹ̀gbẹ́ bascule, ó fi àkísà nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọkàn mi bàjẹ́. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí, n kì í sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀.

24 juillet, Ajé

Monsieur Honoré ti dé láti Cotonou! Mo gbé lẹ́tà lọ bá a kí ó bá mi kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Sakété, pé kí wọ́n jọ̀ọ́ gba ìbàdí kan ṣoṣo tó jẹ́ 93, nítorí ẹni tó ni ín lágbára ju gbogbo wọn lọ.

Ó ka lẹ́tà. Ó wò mí. Ó tún kà á. Ó bi mí pé ìbàdí wo? Mo fi ìka hàn án: taille. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó di tábìlì mú.

«Madame Léontine! Gíga ni! Bí ènìyàn ṣe ga sí ni wọ́n ń sọ!»

Mo ní lọ́dọ̀ àwọn Masœur, taille ni ibi tí a ń de okùn ṣòkòtò mọ́, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé ìwọ̀n mi nígbà ẹgbẹ̀rún. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn náà ni. Ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ méjì. Lẹ́nu aránṣọ, ìbàdí. Lẹ́nu ìjọba, gíga.

Ọ̀sẹ̀ méje. Ọ̀sẹ̀ méje tí ọkùnrin méjìlá fi ń sùn tí wọ́n ń dìde pẹ̀lú irin láyà, tí Sìdíkátù fi ń gún iyán, tí ọkọ mi fi ń febi pa ara rẹ̀, nítorí pé Léontine mọ Faransé.

Nígbà tó rí ojú mi, Monsieur Honoré dákẹ́ ẹ̀rín. Ó ní bí mo bá fẹ́, òun á sọ pé òfin yí padà, pé ìwé tuntun dé láti Sakété. Ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní n ó ronú sí i.

25 juillet

Mo ti sọ ọ́.

Mo lọ sí pápá ilé ẹ̀kọ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò, mo mú ọkọ mi dání, kò mọ ìdí rẹ̀. Mo ní, «Ẹ dákun, ẹ fetí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo kà fún yín ní juin, mo ṣì í túmọ̀. Gíga ni wọ́n ní kó dọ́gba. Wọn kò sọ ti ìbàdí rárá. Monsieur Honoré kọ́ ló ṣì í, Caporal kọ́ ló ṣì í. Èmi ni.»

Jẹ́láàní ló kọ́kọ́ la ẹnu: «Ìyá Odile, ṣé mo lè sinmi iyán báyìí?» Ẹ̀rín sọ. Caporal kò rẹ́rìn-ín, ó ń rìn lọ rìn bọ̀, ó ń sọ Faransé àwọn sójà tí àwọn Masœur kò kọ́ mi.

Ọkọ mi wá bá mi. «Ìbàdí mi kò ṣe nǹkan kan?»

«Kò ṣe nǹkan kan.»

Ó dùbúlẹ̀ sórí koríko, ó ní kí Jẹ́láàní gbé irin kan fún òun, ó sì dìde lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Wọ́n ní kí ló dé? Ó ní ó ti mọ́ òun lára.

Nílé, ó bu ẹ̀bà tó ga bí òkìtì. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó ní, «Mo bínú sí ọ nítorí 92 yẹn. Mo ti wá rí i báyìí. Ẹni tó bá kọ 92 kò ní lè sọ ohun tí o sọ lónìí.» Mo kó abọ́ lọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ ọ́ síbí pé ó sọ ọ́.

26 juillet

Monsieur Honoré gbé mẹ́tà onígi ti ògiri, ó wọn gíga gbogbo wọn. Àwọn mẹ́sàn-án yẹn kò ju 1 m 72 lọ, wọn kò dín ní 1 m 68. Jẹ́láàní 1 m 71. Bàbá Odile 1 m 70, àárín gbùngbùn.

Caporal 1 m 57.

Ọkùnrin tó fi 78 ṣe òfin, òun nìkan ni òfin gidi wá mú. Ó wo àmì tí wọ́n fà sí ògiri, mo sì rí i pé ọkùnrin náà fẹ́ sunkún. Ó ti lọ jagun ó ti bọ̀, kò yẹ kí ògiri ilé ẹ̀kọ́ dójú tì í. Mo ní, «Mais Caporal, ta ló máa fọn fèrè? Ta ló máa pàṣẹ? Olórí kì í tò sínú ìlà. Iwájú ni ẹ ó dúró, ẹ̀yin nìkan, kí gbogbo ayé rí yín. Ẹni tí ẹ fẹ́ mú láti Banigbé, ẹ mú un wá kún ìlà.»

«C'est ça,» ló wí. «Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn.»

30 juillet, Àìkú

Ọjọ́ mẹ́rin, ṣòkòtò mẹ́tàlá. Èmi ń gé, èmi ń tì í sábẹ́ abẹ́rẹ́, Bàbá Odile ń yí ọwọ́ máṣíìnì. N kò lọ sí Misa, Ọlọ́run á dárí jì mí. Ṣòkòtò kọ̀ọ̀kan bá ìdí ẹni tó ni ín mu. Bí mo bá ti gé wọn ní 78 ní juin bí Caporal ti wí, ó di ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọrùn ń dùn mí, àtàǹpàkò mi ti wú, ó wù mí kí gbogbo àwọn Masœur wá wo ojú rírán yìí.

31 juillet, Ajé

Ìwọ̀n ìkẹyìn. 96. Ẹ̀bà ọjọ́ mẹ́fà ti ṣiṣẹ́ rẹ̀. Mo ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí, mo ti fi aṣọ sílẹ̀ nínú. Mo tú u, mo tún un rán. Ọ̀la ni.

1 août

Mo ń kọ èyí nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n pẹ̀lú ọ̀nà.

Oòrùn kò mú púpọ̀. Sakété kún dẹ́múdẹ́mú. Ìlú kan ṣáájú wa, n kò ní dárúkọ wọn, ṣòkòtò ẹni méjì ya ní ìdí bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo wo ojú rírán wọn láti ọ̀nà jíjìn, mo mọ̀ ọ́n kó tó ya.

Àwọn tiwa jáde. Caporal níwájú, àyà gbà-ǹ-gbà, fèrè lẹ́nu, ẹnikẹ́ni kò rántí gíga rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ìlà méjìlá, orí dọ́gba bí ẹni fi òwú nà án. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to pyramide. Bàbá Odile wà ní àárín ìsàlẹ̀. Ẹni kìíní gùn ún, ẹnì kejì, ẹni kẹta. Jẹ́láàní ló wà lókè pátápátá, pẹ̀lú àsíá lọ́wọ́. Caporal yẹ kó kà dé mẹ́wàá kó tó fọn fèrè. Inú rẹ̀ dùn jù, ó gbàgbé. Ó di ogún, ó di ọgbọ̀n. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òun kò mì. Ẹ̀wù rẹ̀ ti ká sókè, mo rí inú rẹ̀ níta, ó tóbi, ó le gbọingbọin, ó dúró lábẹ́ ọkùnrin mẹ́ta láìyẹ̀, gbogbo Sakété sì ń pariwo.

N kò mọ ìgbà tí mo dìde lórí àga. Èmi tó ti fi 96 náà pamọ́ sínú ìwé yìí bí ẹni fi àrùn pamọ́, èmi ni mo ń ké e ní Faransé pé, «Quatre-vingt-seize! Quatre-vingt-seize!» Obìnrin ará Daagbé kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fà mí láṣọ, ó béèrè pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní ìbàdí ọkọ mi ni, kó wò ó dáadáa.